Ọ̀sẹ̀ Tí A Pààrọ̀ Jíà Píkọ́ọ̀pù Bàbá Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè jókòó sábẹ́ ọkọ̀ kí orí mi má kan irin, píkọ́ọ̀pù kan ló ń bọ́ gbogbo wa nílé wa ní Ìṣẹ́ Èkìtì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú rẹ̀ gba èèyàn mẹ́ta tí wọ́n bá fún ara wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í sì í ṣí láti inú, àfi kéèyàn na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kó ṣí i láti ìta. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún nígbà kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi gbọ́n tó láti dá àwọ̀ mọ̀, ó ti di àwọ̀ tí kò lórúkọ. Bàbá mi ló ń fi kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó láti àwọn oko ọ̀nà Òrun wá sọ́jà, nígbà mìíràn ó ń bá àwọn àgbẹ̀ kó o dé Ìkẹ́rẹ́. Tó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, a ti máa ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà láti òkèèrè, ìyá mi á sì ní, "Bàbá yín ti ń bọ̀ o, ẹ gbé omi kaná." Òórùn bẹntiróòlù àti ti kòkó tí kò tíì gbẹ tán ló wà lára aṣọ gbogbo wa, títí kan ìbòrí tí mo fi ń lọ ilé-kéwú.

Ọmọ méjì péré la jẹ́ nínú ilé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Síkírá. Síkírá ti ń di ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà yẹn, ó lágbára bí ọkùnrin, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi Mòdínátù ni ẹlẹ́nu. Iṣẹ́ wa ni ká pọnmi kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ tán, ká gbálẹ̀, ká fọ abọ́, ká sì gbá ewé àti iyanrìn kúrò lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ìyá wa ń ta ẹja gbígbẹ àti irú lójú ọjà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá wa ni kò ní sùúrù. Tó bá bínú, a kì í dúró gbọ́ tán. Ara wa ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ ti wà lókè, kó tó pàṣẹ rẹ̀. Mo rò pé orúnkún mi mọ gbogbo òkúta tó wà ní àgbàlá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kan, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa iṣu tuntun, bàbá mi gun orí ẹrù láti so okùn mọ́ ọn ní oko kan lọ́nà Òrun, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì já bọ́ láti òkè. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kán ní itan. Bàbá tó ń to egungun ní àdúgbò wa ló ń tọ́jú rẹ̀. A ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé lárààárọ̀ tí wọ́n bá ń fi omi gbígbóná jó o, Síkírá á sì máa lọ ata nígbà tí kò sí ọbẹ̀ tí a fẹ́ sè, kí ariwo ọlọ lè bo igbe náà. Gbogbo ohun tó wà nílé ló bá ẹsẹ̀ yẹn lọ. Nígbà tó fi lè fi ọ̀pá rọra rìn láti yàrá dé iwájú ilé, kò sí nǹkan kan tó kù fún wa ju píkọ́ọ̀pù náà lọ.

Wọ́n wá gba ọ̀dọ́kùnrin kan pé kó máa bá wa wà á. Ó mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì dópin kó tó yí jíà. Ṣe ni yóò kàn máa fi agbára fà á, irin á máa han goro-goro. Bàbá mi á gbọ́ ọ láti orí àga rẹ̀, á sì dijú bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ. Kò pẹ́ tí jíà kan fi kọ̀ pé òun ò wọlé mọ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbọ́ ohùn ọkọ̀ wa tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà ò jọ ti tẹ́lẹ̀. A sáré jáde. Ẹ̀yìn ni píkọ́ọ̀pù náà fi ń bọ̀! Jíà tí wọ́n fi ń padà sẹ́yìn nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́kùnrin náà sì ti fi ẹ̀yìn wà á láti ẹnu àbáwọlé ìlú títí dé ojúlé wa, ọrùn rẹ̀ ti wọ́, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo yíjú, mo rí ojú bàbá mi. Ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ò padà wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Mẹkáníìkì tó wá wo ọkọ̀ ní jíàbọ́ọ̀sì rẹ̀, àpótí irin tí àwọn jíà wà nínú rẹ̀, ti kú pátápátá, pé ká wọ́ ọ lọ Adó. Ta ni yóò wọ́ ọ? Kí la fẹ́ fi wọ́ ọ? Iṣu sì ń jáde lóko. Àwọn àgbẹ̀ ń ránṣẹ́ pé iṣu àwọn ti wà nílẹ̀, pé ṣé kí àwọn máa retí wa ni àbí kí àwọn wá ẹlòmíràn. Onímọ́tò kan láti Ẹmùré ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti àwọn kan. Bí ọdún yẹn bá kọjá lọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rántí wa lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn òbí mi ò sọ èyí fún wa, àwa ni a ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri.

Kí bàbá mi tó di onímọ́tò, ó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì díẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó kírun tán, ó ní a óò pààrọ̀ jíàbọ́ọ̀sì náà fúnra wa, nínú àgbàlá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Ìgbàrà-Odò tí irú píkọ́ọ̀pù wa ti bàjẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó ti di ilé adìẹ. Ọ̀rẹ́ náà ní kó wá tú ohunkóhun tó bá wù ú. Wọ́n tú jíàbọ́ọ̀sì yẹn, wọ́n fi takisí gbé e wá fún wa, ìyẹ́ adìẹ ṣì lẹ̀ mọ́ gírísì ara rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n fi kẹrosín fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó.

Ìyá mi wo irin náà, ó wo ọkọ̀, ó wá wo bàbá mi.

"Bàbá Síkírá, ta ni yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ náà?"

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó nà jáde síwájú bí igi, ó sì gbójú sókè wo ìyá mi. Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wọlé lọ, ó sì jáde pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá mi ní ìdí rẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ ìbàdí, ó wé gèlè àtijọ́ kan mọ́rí. A ò rí i rí nínú ṣòkòtò. Síkírá ní kí n pa ẹnu mi mọ́ kí n tó lanu.

Ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé-ìwé ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ta ten-ten lábẹ́ igi lójú pópó, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, èmi wà lábẹ́ píkọ́ọ̀pù. A fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, a sì fi ìtì igi ńláńlá tì í nídìí. Bàbá mi gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wa, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá náà júwe láti ìta bí olùkọ́ tó dúró nídìí pátákó. "Tú orí bátìrì ná. Gbé abọ́ sábẹ́ kóo tó yọ nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀, ọ́ìlì á dà." Ọ́ìlì náà dà lóòótọ́. Ó dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì dà sí ìyá mi lára láti ọrùn títí dé ìgbáròkó, torí abọ́ tí mo gbé kéré ju ọ́ìlì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tú ọkọ̀ rí ò lè mọ bí nọ́ọ̀tì tó ti pẹ́ nínú ẹrẹ̀ ṣe le tó. Ìyá mi á fi sípánà mú un, á fi ẹsẹ̀ ti igi, á fà á, kò ní mira. A ó da kẹrosín sí i, a ó dúró. Á tún fà á. Sípánà á yọ̀, ìka á kan irin, awọ á bó. Kì í kígbe. Á kàn fi ìka sẹ́nu díẹ̀, á sì tún gbé sípánà. Ṣáàfù tó gùn láti àárín ọkọ̀ dé ẹ̀yìn la kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí jíà, tí a yọ gba òkè nínú ọkọ̀, tó wá ku ihò lásán nílẹ̀ níbẹ̀. Síkírá gba inú ihò yẹn ju okùn sí wa, ó so òkè okùn náà mọ́ igi kan tí a fi dábùú fèrèsé méjèèjì. Okùn yẹn ni jíàbọ́ọ̀sì ògbólógbòó náà fi sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òkú tí wọ́n ń rọra gbé sínú sàréè.

Èmi ní tèmi, mo ti ń kó nọ́ọ̀tì tí mo bá fọ̀ tán sínú ọpọ́n ayò. Mo pín wọn sí ojúlé, mo ń dá ta ayò, ọwọ́ ọ̀tún lòdì sí ọwọ́ òsì. Bàbá mi rí i. Ìkúnlẹ̀ ni mo fi parí ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀tì kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, òòrùn lórí mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ju iṣu sísun kan sí mi láti ẹ̀gbẹ́ iná, epo pupa ló ta sí i. Gbogbo oúnjẹ wa ló ń ní ìtọ́wò kẹrosín ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ká jẹ iyán, kẹrosín. Ká mu ẹ̀kọ, kẹrosín. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi kì í lè gbé ọwọ́ sókè láti tú gèlè rẹ̀, Síkírá ló ń bá a tú u. Á jókòó sórí àpótí, á máa wo iwájú bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá mi, ṣé ó ń dùn yín ni?" Ó ní, "Kò dùn mí, ó rẹ̀ mí ni. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀." Mi ò mọ ìyàtọ̀ náà nígbà yẹn.

Títú rẹ̀ kúrò ti le, ṣùgbọ́n fífi tuntun wọlé ló fẹ́ pa wá. Irin gígùn kan wà ní ẹnu jíàbọ́ọ̀sì tó ní eyín yíká. Eyín yẹn gbọ́dọ̀ bá ihò àárín àwo kílọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ẹ́ńjíìnì mu rẹ́gí, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu, kó tó lè wọlé. Síkírá ń fa okùn lókè, ìyá mi ń fi àyà àti orúnkún tì í lábẹ́, èmi ń fi igi gbá a nídìí sókè. Kò wọlé. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a tún gbé e. Ó ku díẹ̀ kó wọlé, ó dá dúró. Ọwọ́ Síkírá ti bó nínú okùn. Bàbá mi ń pariwo láti orí àga.

"Ẹ gbé e sókè! Mo ní òkè! Ṣé ẹ ò mọ òkè ni? Ìyá Síkírá, kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ọmọ kékeré á ti ṣe é tán!"

Okùn yọ̀ lọ́wọ́ Síkírá. Jíàbọ́ọ̀sì náà já wálẹ̀, ó bọ́ sórí táyà àtijọ́ tí a tẹ́ síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orí ìyá mi gan-an. Eruku sọ. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí ìyá mi rọra fà jáde láti abẹ́ ọkọ̀. Kò wo bàbá mi. Ó lọ sídìí ìkòkò omi, ó fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun Alásárì. Nígbà tó parí, kò dìde lórí ẹní. Ó jókòó síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa.

"Ìyá Síkírá," bàbá mi pè é.

"Ó tó," ni ìyá mi wí. "Ẹ wá ẹlòmíràn. Ọmọ kékeré tí ẹ ní á ti ṣe é tán, ẹ pè é."

Mi ò gbọ́ kó dá bàbá mi lóhùn báyìí rí. Mo wò ó pé bàbá mi á gbaná jẹ. Síkírá ti di ọwọ́ mi mú. Ṣùgbọ́n bàbá mi kàn jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá mi, bí ọ́ìlì ṣe gbẹ mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀, ó ń kérora nítorí ẹsẹ̀ náà. Ó wá fi ìgúnpá wọ́ ara rẹ̀ gba orí iyanrìn, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ tẹ̀ lé e, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bàbá wa, tí gbogbo gáréèjì ń kí ní ọ̀gá! Mo fẹ́ lọ gbé e, Síkírá dá mi dúró. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. A ò rí i mọ́, àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níta. Láti ibẹ̀ ló ti fi oríkì ìyá mi pè é:

"Àmọ́ká, gbà mí. Èmi nìkan ò lè gbé e. Mo bẹ̀ ọ́."

Ìyá mi ká ẹní, ó tún okùn ṣòkòtò so, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀.

Kò sí ariwo mọ́. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá lẹ́yìn tí a bá ti sùn. Bàbá mi ní kí Síkírá fa okùn le, kó má jù ú. Ó ní kí èmi fi ọwọ́ mi méjèèjì di ẹnu ìdí jíàbọ́ọ̀sì náà mú, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, nígbà tí òun àti ìyá mi ń tì í lọ síwájú. Mo ń yí i. Ìyá mi ní, "Rọra, rọra." Mo gbọ́ ìró kan tó kéré, tó dùn, kó! Irin náà sì yọ́ wọlé lọ títí, ó fi ẹnu kan ẹ́ńjíìnì. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, bàbá mi náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ò tètè jáde. Síkírá tẹjú mọ́ ihò láti òkè, ó ní, "Ṣé kí n fi okùn sílẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, a dá gbogbo rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. A da ọ́ìlì sí i. Bàbá mi wọ aṣọ tó mọ́, a gbé e jókòó sídìí sítíárìn. Ẹ́ńjíìnì dáhùn. Ó wá gbé ẹsẹ̀ òsì lé kílọ́ọ̀ṣì láti tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ náà kò lọ. Ó tún gbìyànjú, òógùn bò ó lójú, kò lọ. Láàárín gbogbo wàhálà wa, kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó ronú pé ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó pa ẹ́ńjíìnì. Lẹ́yìn náà ó wo ìyá mi.

"Ìwọ ló fi í síbẹ̀," ó ní. "Bọ́ síbí kí n kọ́ ọ."

Báyìí ni ìyá mi ṣe di awakọ̀. Ó kọ́kọ́ fọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, ó tẹ adìẹ aládùúgbò kan pa, a sanwó rẹ̀, a sì jẹ ẹ́. Kí iṣu ọdún yẹn tó tán, ó ti ń dé Òrun, bàbá mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn àgbẹ̀ kan sì kọ́kọ́ kọ̀ láti kó ẹrù fún obìnrin. Nígbà tó yá wọ́n dákẹ́, torí kì í jẹ́ kí iṣu wọn pẹ́ lóko. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wa píkọ́ọ̀pù yẹn, òun ló fi rán èmi àti Síkírá níwèé. Ẹsẹ̀ bàbá mi ò padà bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú.

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ní Ìkẹ́rẹ́, mo sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mọ́tò tí mò ń wà kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Nígbà tí jíà rẹ̀ bàjẹ́ ní àìpẹ́ yìí, mo kàn tẹ fóònù ni, ọmọkùnrin kan wá, ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó ní wọn kì í tún irú rẹ̀ ṣe, pé òdidi ni wọ́n máa ń gbé sí i. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e padà. Nọ́ọ̀tì kan ò kàn mí lọ́wọ́. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ wà nínú yàrá wọn. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún wọn pé mọ́tò ti dára, wọ́n ní "ẹ kú iṣẹ́ mọ́mì," láìgbójú kúrò níbi tí wọ́n ń wò.

Ó ń rẹ̀ mí gan-an lóde òní, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ó ń rẹ ẹ̀yin náà. Mi ò lè sọ pé iṣẹ́ wa le ju tàwọn òbí wa lọ, irọ́ ni. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé nígbà yẹn, bí iṣẹ́ bá rẹ ẹnì kan nílé wa, gbogbo wa la mọ ibi tó ti ń dùn ún. Báyìí, olúkúlùkù ń ti ìta gbé àárẹ̀ tirẹ̀ wọlé, a ń kí ara wa, a ń jẹun, olúkúlùkù sì ń gbé tirẹ̀ lọ sùn.